Ọjọ́ Tí Mo Di Ẹtu Nínú Igbó Abúlé Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá dúró lábẹ́ afárá Abúlé Ẹ̀gbá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017, tí fèrè ọkọ̀ sì ń di yín létí, yóò ṣòro fún yín láti gbà pé mo ti pe ẹtu ní agbègbè yìí rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1956, tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà láti Ìlú Ọba, oko àti igbó ni a mọ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, ọdẹ sì ni bàbá mi.

Ọ̀sán ni bàbá mi ń pe ẹtu. Yóò lóṣòó síbi tí ewé ti ṣú, yóò kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, nítorí bí ẹtu bá ti gbóòórùn ènìyàn, ó parí. Yóò fi ìka méjì di imú mú, yóò wá ké láti ọ̀nà ọ̀fun, igbe tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbọ̀n, bí ìgbà tí nǹkan ki ọmọ ẹtu mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni, yóò sì dákẹ́ pẹ́. Àkéjù a máa lé ẹran. Ìyá ẹtu tí ó bá gbọ́ á rò pé ọmọ òun ni, á sì sáré bọ̀.

Mo gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án tí akọ ń wá abo, àwọn ọdẹ a máa fi rọ́bà pẹlẹbẹ sí àjà ẹnu láti pe elk, ẹran ńlá kan tí ó jọ àgbọ̀nrín. Ìfẹ́ abo ni wọ́n fi ń tan tiwọn; ìfẹ́ ọmọ ni a fi ń tan tiwa. Èmi kò mọ èyí tí ó burú jù.

Ní ọjọ́ kan, bàbá mi lọ sí Agége, ni mo bá dá wọ igbó. Mo ké, mo dákẹ́, mo tún ké. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí ewé ń dún lẹ́yìn mi. Inú mi dùn: ẹtu dé! Mo yíjú padà, ẹnu ìbọn ni mo rí. Ọdẹ abúlé kejì ni, ó ti fojú sùn mí.

“Ẹ má yìn ín, Bàbá! Èmi ni o!”

Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń gbọ̀n ju èmi lọ. Nígbà tí ó ṣe, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sílé.

Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn bi í pé, “Ṣé ohùn rẹ̀ jọ ti ẹtu tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Ọdẹ náà ní, “Ó jọ ti ẹtu ju ti ẹtu fúnra rẹ̀ lọ.”

Bàbá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, igi ńlá ni ó ń fẹ̀yìn tì kí ó tó ké, yóò sì ti sọ ibi tí òun ń lọ fún àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó kọ́ òun, ó kọ̀ jálẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi ní kí n ṣe é kí òun gbọ́. Inú pálọ̀ ni a wà. Mo di imú mú, mo ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì bojú wẹ̀yìn.