Ẹjọ́ Ìyá Ọmọ Kọ́

Àwa tí wọ́n bí ní Ìlobù kí ọsibítù tó wọ́pọ̀ mọ ọmọ tuntun tí kì í rí èémí mí. Ìhà á máa wọnú, ihò imú á máa fẹ̀, ètè á dúdú bí aró. Agbẹ̀bí á po àgbo, àwọn ìyá àgbà á gbé omi kaná. Bí ọmọ náà bá lọ, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò kọjú sí: ṣé kò rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó lóyún? Bí èkejì bá tún lọ, àbíkú dé nìyẹn. Bákan náà ló rí ní Ìfọ́n tó wà nítòsí wa.

Lónìí, aláboyún á wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ ṣe sikáànù, bí àpò omi tó lè fa irú àìrí èémí mí yẹn bá sì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, wọ́n á fi hàn án. CPAM ni àwọn dókítà ń pè é. Láti 1949 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Ch'in àti Tang ti ṣàpèjúwe rẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin oyún ni ẹ̀dọ̀fóró ń bẹ̀rẹ̀ sí í rú, tí yóò máa yọ ẹ̀ka lórí ẹ̀ka. Jíìnì kan náà ló wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín gbọ́dọ̀ dákẹ́ lọ́hùn-ún. Jíìnì FGF10 wà lára àwọn tó ń pe ẹ̀ka jáde. Nígbà tí àwọn olùwádìí mú kó ṣiṣẹ́ kọjá ààlà ní ojú kan nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ eku tó ṣì wà nínú oyún, irú àpò yìí gan-an ló yọ.

Láyé ìgbà náà, ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́bi kì í dá sùn. Àwọn obìnrin ilé á tẹ́ ẹní tì í, ẹni tó fẹ̀sùn kàn án gan-an á gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. A ò gbọdọ̀ torí ẹ̀kọ náà gbàgbé ẹ̀sùn.

Nísinsìnyí, ìyá ọmọ nìkan ló ń wo fọ́tò sikáànù lórí fóònù, tó ń ṣírò owó iṣẹ́ abẹ. Ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí wa, ní ibùdó ìwádìí jíìnì ACEGID ti Yunifásítì Redeemer's, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka jíìnì kòrónà ní Áfíríkà, ní 2020. Àwa náà ti gbọ́ jíìnì, a sì ti fi rọ́pò àbíkú: "Jíìnì ilé wọn ni." Ìyá ọmọ la ṣì ń bá wí. Irọ́ sì ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àpò yìí kì í ti ìdílé wá. Àwọn díẹ̀ wà tó so mọ́ jíìnì DICER1, tó yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ yẹ ẹbí wò, ìyá àti bàbá pa pọ̀. Kí nọ́ọ̀sì pe ọkọ àti ìyá ọkọ wọlé, kó sọ èyí fún wọn níṣojú obìnrin náà, kó sì fi kún un pé ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń mí dáadáa tí wọ́n bá bí wọn, àti pé iṣẹ́ abẹ lè yọ àpò náà kúrò.