Nọ́ńbà Ọkọ̀

Nígbà tí lẹ́tà àgùnbánirọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde, ìpínlẹ̀ Jigawa ni wọ́n pín in sí. Màmá wa ò kọjá Ìlọrin rí. Wọ́n ní kí n fi ibẹ̀ han àwọn lórí máàpù. Mo fi ìka tọ ọ̀nà náà láti Ìbàdàn, mo kọjá Ìlọrin, mo kọjá Abuja, mo kọjá Kano, kí n tó kan Dutse. Wọ́n wo ìka mi títí, wọ́n ní, "Ṣé Nàìjíríà náà nìyẹn?"

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín ò pa wọ́n. Láti ọdún 1973 ni ìjọba ti ń rán àwọn tó jáde ilé-ìwé gíga lọ sin ilẹ̀ baba wọn fún ọdún kan. Gbogbo wa la mọ̀ pé yóò kàn wá. Ṣùgbọ́n ti ọdún 2011 ni Màmá ń rántí, nígbà tí wọ́n pa àwọn àgùnbánirọ̀ ní Bauchi lẹ́yìn ìbò ààrẹ. Bauchi àti Jigawa sì pààlà.

Wọn ò ní kó má lọ o. Wọ́n di gààrí, wọ́n di èlùbọ́. Nígbà tá a dé gáréèjì, wọ́n lọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n yọ bírò, wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sínú ìwé pélébé kan. Ojú tì mí. Mo ní, "Màmá, ẹni ọdún 24 ni ẹ̀gbọ́n mi o."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mo bí i."

Nígbà tá a délé, wọ́n ní kí n bá àwọn fi ìwé náà sínú Bíbélì. Mo ṣí i, mo bá òmíràn níbẹ̀, pélébé-pélébé bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni gbogbo wọn, pẹ̀lú déètì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ fásitì. Ọjọ́ tí mo padà lẹ́yìn Kérésì. Ọjọ́ tá a wọlé lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì. Èmi tí mo máa ń bá wọn jà pé kí wọ́n yéé sìn mí dé gáréèjì! Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó di ọjọ́ kejì kí n tó rántí pè wọ́n.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Àwa tá à ń ka Yorùbá ti túmọ̀ òwe yẹn nínú ìdánwò, a sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti lọ jìnnà, ta ló ń gbọ́ ẹkún ẹ̀? Ohun tó ń ba Màmá lẹ́rù gan-an nìyẹn: pé àwọn ò ní gbọ́. Ìwé pélébé yẹn ni wọ́n fi ń tẹ́tí.

Ní báyìí, kí n tó sọ báàgì kalẹ̀ ni mo ti ń pè wọ́n.