Íǹṣì àti Mìlímítà Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ní Parakou níbí, bí a bá gbé Peugeot lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kì í pẹ́ rí sípánà tó bá a mu. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ Land Rover àtijọ́ tó ti Nàìjíríà wọlé, ọ̀rọ̀ a yí padà. Ọmọ iṣẹ́ yóò mú sípánà tó sún mọ́ ọn, yóò sì fi agbára yí i. Igun nọ́ọ̀tì yóò jẹ, yóò di róbótó, ọkọ̀ tó ṣì lè rìn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í di àjákù irin. Nítorí a fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń fà á.

Ìtàn wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1898, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ Ìbàrìbá láàárín ara wọn: Nìkì bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bùsà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa Yorùbá náà rí irú ìpín bẹ́ẹ̀: Kétu wà níhìn-ín, Ọ̀yọ́ wà lọ́hùn-ún. Kì í ṣe èdè nìkan ni ààlà náà yà sọ́tọ̀. Ó ya ìwọ̀n pẹ̀lú. Faransé ń fi mìlímítà wọn irin, Gẹ̀ẹ́sì ń fi íǹṣì wọ̀n ọ́n. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25,4.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ti kéré tó. Ẹnu sípánà ìdajì íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12,7. Bí a bá fi ti 13 rọ́pò rẹ̀, àlàfo mìlímítà 0,3 péré ló kù, ṣùgbọ́n ó tó láti ba nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà jẹ́. Ti íǹṣì 9/16 jẹ́ mìlímítà 14,3: ti 14 kò ní í wọ̀ ọ́, ti 15 yóò sì máa yọ̀. Ti 3/4 ló rọrùn, nítorí ti 19 bá a mu.

Àwọn ọkọ̀ tó dàgbà jù tún ní tiwọn. Ní ọdún 1841 ni Joseph Whitworth dábàá ìwọ̀n kan fún bóòtù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà ara sípánà Whitworth ń sọ bí ọ̀pá bóòtù ti nípọn tó, kì í ṣe bí orí rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Nítorí náà, sípánà méjì lè ní nọ́ńbà kan náà, kí ẹnu wọn má sì dọ́gba. Land Rover, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé ní Amsterdam ní ọdún 1948, lè ní oríṣi bóòtù méjì lára ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ má ṣe fi bóòtù mìlímítà 8 rọ́pò ti íǹṣì 5/16: wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n eyín wọn kò bára mu. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i. Bí kò bá yí, ẹ yọ ọ́. Èyí tó bá ti dípẹtà, ẹ ta epo sí i, kí ó di ọjọ́ kejì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí ẹ tó so bátìrì, ẹ wo èyí tí wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀ nínú ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín àwọn ọdún 1960, ẹnu tó ní àmì + ni, kì í ṣe ti − tí ojú wa mọ̀. Ẹni tó bá so ó sódì lè jó rédíò ọkọ̀ náà. Ní ti bíréèkì, ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù tàbí epo ẹ́ńjìnnì fọ rọ́bà inú rẹ̀. Rọ́bà náà yóò wú, bíréèkì yóò sì kọ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀ jù.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ju bóòtù lọ. Àwọn àgbà mẹkáníìkì tó mọ íǹṣì ń dín kù. Bí ọ̀kan bá sì lọ, kílò ni wọ́n sábà fi ń ta sípánà rẹ̀ fún àwọn tó ń ra àjákù irin. Mìlímítà ni àwa olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé, tó ń gbọ́ Faransé ní kíláàsì, ti mọ̀ pé a kì í fi òfin èdè kan wọn èkejì. Kí ó mọ̀ bákan náà pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí wọ́n fi dá a. Bí àpótí sípánà bàbá yín bá ṣì wà nílé, ẹ má tíì tà á. Ẹ ka nọ́ńbà ara wọn, kí ẹ sì gbé e fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.