Áktọ̀ Kì í Kú: Bí Mo Ṣe Wo Godzilla ní Tokyo

Bí ènìyàn bá jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin Shinjuku ní ìlú Tokyo, tí ó sì dorí kọ àdúgbò Kabukicho, kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí orí kan tí ó yọ láàárín àwọn ilé gogoro. Orí Godzilla ni. Oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni wọ́n gbé e sí àjà kẹjọ ilé Toho, ilé-iṣẹ́ tí ó ni fíìmù rẹ̀, ibi tí orí náà dé sì ga tó mítà 52 sí ilẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba ìbílẹ̀ Shinjuku sọ abàmì ẹ̀dá yìí di ọmọ àdúgbò, tí wọ́n sì fi í ṣe aṣojú wọn fún àwọn arìnrìn-àjò. Ní àwọn wákàtí kan lójúmọ́, iná á tàn, èéfín á rú, yóò sì bú ramúramù. Àwọn ọmọdé á pàtẹ́wọ́, àwọn àlejò á gbé fóònù sókè. Èmi náà gbé tèmi sókè, mo sì rẹ́rìn-ín. Lójú mi, eré ọmọdé ni.

Abẹ́ orí náà gan-an ni ilé sinimá wà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni mo dé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kàwé ní Tokyo ni mo wá kí. Àsìkò náà ni fíìmù tuntun, Godzilla Minus One, ń lọ lọ́wọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ni ó jáde, ọjọ́ kan náà tí Godzilla àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1954. Takashi Yamazaki tí ó darí rẹ̀ kò tẹ̀ lé ìtàn àwọn fíìmù tí ó ti wà nílẹ̀. Ó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ó sì gbé e padà sí ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ogun ti sọ Jàpáànù di òdo. Bí Godzilla bá tún wá gorí rẹ̀, ibo ni wọn yóò wà bí kò ṣe ìsàlẹ̀ òdo? Ibẹ̀ ni orúkọ fíìmù náà ti wá.

Èmi kò gbọ́ èdè wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Kò sí ìtumọ̀ kankan ní ìsàlẹ̀ fíìmù o. Jẹ́ kí n sọ ibi tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ.” Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Shikishima, awakọ̀ òfuurufú tí wọ́n ní kí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá, kí òun náà sì kú sí i. Ó purọ́ pé ọkọ̀ náà bàjẹ́, ó sì balẹ̀ sí erékùṣù kékeré kan. Godzilla jáde lóru ọjọ́ náà, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó yìn ín. Nígbà tí ó padà dé Tokyo, àwọn òbí rẹ̀ ti kú sínú iná, obìnrin aládùúgbò rẹ̀ sì bú u pé ojú kò tì í láti padà wálé láàyè. Mo ní mo ti gbọ́. Ohun tí ó jẹ mí lógún kò ju kí n rí bí ẹranko náà yóò ṣe wó ilé lulẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ bí a ti í wo fíìmù nílé. A kì í dákẹ́ wò ó. Bí ọ̀tá bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn áktọ̀, gbogbo pálọ̀ ni yóò pariwo pé, “Wẹ̀yìn o!” Bí ìbọn bá bà á, ẹnìkan á fọkàn àwọn yòókù balẹ̀ pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, áktọ̀ kì í kú.” Àwa àti fíìmù a jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́ nígbà tí mo wọ yàrá sinimá náà, tí mo gbé gúgúrú lé itan.

Yàrá náà kún, ó sì pa rọ́rọ́. Nígbà tí Godzilla dé àdúgbò Ginza, tí ó fi ẹnu gbé ọkọ̀ ojú irin tí ènìyàn wà nínú rẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo kígbe, “Yéè! Ó ti gbé e mì o!” Mo sì bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó wẹ̀yìn wò mí. Ọ̀rẹ́ mi kàn gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. Lẹ́yìn náà ni ẹranko náà tu iná jáde lẹ́nu. Ìmọ́lẹ̀ kan bù yẹ̀rì, atẹ́gùn gbá gbogbo òpópónà lọ, kùrukùru bí olú ńlá sì ga sókè ọ̀run. Òjò dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí Shikishima lára bí ó ti ń ké. Ìyá àgbà kan jókòó ní apá ọ̀tún mi. Wọ́n mú áńkáṣífù tí ó wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fi bo ẹnu. Gúgúrú tí ó wà lẹ́nu mi kò ṣeé gbé mì mọ́.

Fíìmù parí, orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo dìde, mo gbé báàgì mi. Ọ̀rẹ́ mi fà mí láṣọ, ó ní, “Jókòó.” Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn: kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó dìde. Gbogbo orúkọ gòkè tán, ti òṣèré, ti oníná, ti agbáṣọ, inú òkùnkùn náà ni wọ́n wà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń gbọ́ ni àwọn tí ń fa imú níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ìgbà tí iná tàn ni wọ́n dìde, wọ́n kó pàǹtí wọn, wọ́n sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lóde, mo bi ọ̀rẹ́ mi pé, “Kí ló dé tí wọ́n ṣe bí ẹni tí ó wá síbi òkú? Ẹranko inú eré mà ni.” Ó wò mí, ó ní, “Lọ sí Yumenoshima lọ́la.”

Yumenoshima túmọ̀ sí erékùṣù àlá. Ààtàn ni tẹ́lẹ̀, inú omi Tokyo ni wọ́n ti fi pàǹtí ìlú kún un títí ó fi di ilẹ̀. Ọgbà ńlá ni báyìí, nínú ọgbà náà sì ni ilé kan wà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1976, tí wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ilé náà bò, ọkọ̀ onígi tí àwọn apẹja fi ń pẹja túnà. Daigo Fukuryu Maru ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Dírágónì Oríire Karùn-ún.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1954, apẹja 23 wà nínú ọkọ̀ yìí lórí òkun, ní nǹkan bí kìlómítà 160 sí erékùṣù Bikini, nígbà tí Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù háídírójìn wò níbẹ̀. Wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni pé oòrùn yọ ní ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, eérú funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wọn lórí. Ojú àwo ara wọn ń bó, irun wọn ń já, wọ́n gbé ọkọ̀ padà dé èbúté Yaizu ní ọjọ́ 14 oṣù náà. Aikichi Kuboyama tí ó ń bójú tó rédíò ọkọ̀ náà kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án. Ìpayà bá gbogbo ilẹ̀ Jàpáànù, wọ́n ń da ẹja nù lọ́jà. Wọ́n tún ọkọ̀ náà lò fún iṣẹ́ mìíràn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé e jù sí ààtàn yìí gan-an, kí àwọn ará ìlú tó dìde pé àwọn kò gbà kí ó rà síbẹ̀.

Mo dúró nídìí ọkọ̀ náà. Igi lásán ni. Nígbà náà ni mo rántí pé oṣù Kọkànlá ọdún 1954 kan náà ni Godzilla àkọ́kọ́ jáde, èyí tí Ishiro Honda darí. Ọkọ̀ ojú omi kan tí ìmọ́lẹ̀ ṣàdédé jó lórí òkun ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wọ ilé sinimá lọ́dún náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún wọn. Nínú fíìmù náà, ìdánwò bọ́ǹbù ni ó jí ẹranko náà dìde. Orúkọ rẹ̀, Gojira, jẹ́ ìnàkí àti àbùùbùtán tí wọ́n so pọ̀, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù ni òun fúnra rẹ̀. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ó gbá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra láàárín iná, tí ó ń tù wọ́n nínú pé láìpẹ́ àwọn yóò lọ bá bàbá wọn. Ọdún 9 péré ni ó ti kọjá tí ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà da iná bo Tokyo ní òru ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1945, tí nǹkan bí 100,000 ènìyàn kú ní òru kan. Lóṣù Kẹjọ ọdún náà ni bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ sí Hiroshima àti Nagasaki. Ó ju mílíọ̀nù 9 tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà láti wo fíìmù yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbi iná kì í mọ bí ó ti jó. Nígbà tí fíìmù náà dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1956, wọ́n gé e, wọ́n fi òṣèré tiwọn, Raymond Burr, sí i, wọ́n sì yọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù kúrò. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni ẹranko tí ń wó ilé. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ti ń fi ọkùnrin inú aṣọ rọ́bà náà rẹ́rìn-ín, èmi náà kò sì gbẹ́yìn. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe tiwọn lákọ̀tun ní ọdún 2014, díẹ̀ nínú àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù gbẹ̀san: wọ́n ní Godzilla ti sanra jù.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ará Jàpáànù kò mọ ariwo pa. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo gba Hibiya kọjá, níbi tí ère Godzilla kan ti dúró láti ọdún 2018, mo sì rìn dé ibùdókọ̀ Tokyo. Ibẹ̀ ni Shin Godzilla, èyí tí Hideaki Anno àti Shinji Higuchi darí ní ọdún 2016, parí sí. Ìmìtìtì ilẹ̀ àti omi òkun oṣù Kẹta ọdún 2011, àti jàǹbá ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ní Fukushima, ni ó bí fíìmù náà. Bí ẹranko náà ti ń bọ̀, àwọn ìjòyè ìjọba ń ti ìpàdé kan bọ́ sí òmíràn. Nítorí náà, àwọn ilé sinimá kan ya ọjọ́ ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ tí wọ́n ní kí òǹwòran wá pariwo bí ó bá ti wù wọ́n. Wọ́n wọ aṣọ Godzilla wá, wọ́n ń ju ọ̀pá iná kékeré, wọ́n ń bú àwọn mínísítà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin, irú èyí tí àwọn fúnra wọn ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ru bọ́ǹbù kọlu ẹranko náà, wọ́n hó yèè. Wọn kò pa á. Wọ́n rọ oògùn sí i lẹ́nu, ó gan síbẹ̀ ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwókù Fukushima ti wà nílẹ̀ títí dòní tí a ń ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, kì í ṣe àìmọ ariwo ni ó mú wọn dákẹ́ ní Shinjuku. Ìjọba ni wọ́n fi pariwo lọ́dún 2016. Ta ni wọn ìbá pariwo mọ́ lọ́dún 2023? Òkú ẹbí wọn ni ó wà nínú fíìmù náà.

Kí n tó kúrò ní Tokyo, mo padà lọ wò ó, èmi nìkan. Mo ti mọ̀ báyìí pé ọ̀rọ̀ tí ó dá mi lójú nílé ni gbogbo fíìmù náà ń jà lé lórí. Wọ́n ti fi dandan lé e pé kí Shikishima kú, kò kú, ojú sì ń tì í pé òun wà láàyè. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi àtijọ́ péjọ láti dojú kọ Godzilla, wọ́n sọ fún ara wọn pé ogun tí ó kọjá fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò, pé ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kí ó máa lọ, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kú nínú tọ̀tẹ̀ yìí. Shikishima wa ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ tààrà sí ẹnu ẹranko náà. Gbogbo yàrá dá èémí dúró. Nígbà náà ni agboòrùn rẹ̀ ṣí lójú ọ̀run.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar nítorí iṣẹ́ àrà ojú rẹ̀, Godzilla àkọ́kọ́ tí yóò gba á. Ọjọ́ 10 ni ní Los Angeles, àyájọ́ ọjọ́ tí Tokyo jó. Ilẹ̀ ti mọ́ sí ọjọ́ 11 ní Jàpáànù, àyájọ́ ọjọ́ tí òkun gòkè. Ilé ni mo wà nígbà tí mo gbọ́, mo sì rántí ìyá àgbà yẹn àti áńkáṣífù wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn náà ní Shinjuku, bí agboòrùn ti ṣí, mo sọ ọ́ lábẹ́ èémí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́: “Áktọ̀ kì í kú.” Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀, mo sì jókòó títí iná fi tàn.