Nígbà Tí Aṣáájú Bá Wí Pé, "Ọlọ́run Ni Ó Bá Mi Sọ Ọ́"



Gbólóhùn kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa yìí, láti Ìlá Ọ̀ràngún títí dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà: "Ọlọ́run ni ó bá mi sọ ọ́." Bí aṣáájú bá ti wí bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹnu a pa mọ́. Ta ni yóò bá Ọlọ́run jiyàn? Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí ó fọ́ sí méjì nítorí gbólóhùn yìí, lórí ọ̀ràn aṣọ àjọ̀dún lásán. Àwọn ìyàwó kéékèèké inú ẹgbẹ́ náà, tí owó aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó ọbẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, kò rí ẹni tí wọn yóò sọ ọ́ fún. Ńṣe ni wọ́n dẹ́kun wíwá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ gbígbọ́ ohùn Ọlọ́run kò ṣe àjèjì sí i. A bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní April 25, 1904, ní Odò-Ọwá, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ọ̀nà ni ó ń wà fún ìjọba. Ní 1928, ẹ̀rọ náà dúró lójijì nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ó wí pé ohùn kan pe òun ní orúkọ, pé kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí òun lọ wàásù. Ó sì fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba, ní 1928! Ìyàwó wo nínú wa ni ọkọ rẹ̀ yóò gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wálé tí kò ní ké?

Nígbà tí ó wọ ìlú rẹ̀ pẹ̀lú eérú lára àti agogo lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò dá iṣẹ́ náà dúró. Síbẹ̀ ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni ó wú mi lórí jù lọ. Kò jókòó kí ó máa pàṣẹ nítorí pé ó ti gbọ́ ohùn. Ó lọ sí Èkó, sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti pẹ́ jù ú lọ nínú ìgbàgbọ́, wọ́n sì rì í bọmi ní 1929.

Ní July 1930, àwọn àgbà ìjọ náà péjọ sí Iléṣà láti yanjú aáwọ̀ kan. Ọmọ ọdún 26 ni Babalọlá nígbà náà. Níbẹ̀, ní Òkè-Oòyè, ni ìsọjí ńlá náà ti bẹ́ sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé omi wá láti ọ̀nà jíjìn kí ó lè gbàdúrà sí i. Àwọn àgbà bí Ọdúbánjọ àti Akínyẹlé kò wí pé kí ni awakọ̀ ẹ̀rọ lè kọ́ àwọn. Wọ́n fetí sí ọ̀dọ́ náà, òun náà sì ń fetí sí wọn.

Ìdánwò dé. Ní 1932, ìjọba fi í sẹ́wọ̀n oṣù 6 ní Benin lórí ẹjọ́ kan tí ó jẹ mọ́ ọ̀ràn àjẹ́. Nígbà tí ó jáde, ó padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọ náà sì di C.A.C., kì í ṣe òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè. Akínyẹlé ni ààrẹ, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní 1955. Ajíhìnrere ni Babalọlá wà títí ó fi kú ní Ẹdẹ ní July 26, 1959.

Èmi kò wí pé kí ẹ lọ gbààwẹ̀ ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí òkè bí tirẹ̀; ìyá tí ó ní ọmọ ọmú lẹ́yìn kò lè ṣe é. Ìdákẹ́jẹ́ ìdájí, kí ọmọ tó jí, tó fún un láti tẹ́tí sí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yàn yín láti darí ẹgbẹ́, tí ohun kan sì wọ̀ yín lọ́kàn nínú àdúrà, kí ẹ tó kéde rẹ̀, ẹ bi ìyàwó tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, léèrè pé, "Ìyàwó, báwo ni ìwọ ti rí i sí?" Kí ẹ sì ní sùúrù kí ó dáhùn, nítorí kò ní tètè gbà gbọ́ pé òun ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀.