Kí Ẹ Tó Sanwó Máṣíìnì Àtijọ́

Ẹni tó bá ń gbé Bàrígà tàbí Ṣómólú mọ̀ pé èèyàn kì í rìn jìnnà kó tó gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Ti àwọn atẹ̀wé ni wọ́n mọ Ṣómólú mọ́ jù, ṣùgbọ́n àwọn télọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì oníná, ẹ ó máa rí èyí tó dúdú, tó wúwo, tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ Singer sí lára. Òmíràn nínú wọn ju ìyá ẹni tó ń fi í ránṣọ lọ lọ́jọ́ orí.

Àbúrò mi obìnrin kọ́ iṣẹ́ télọ̀ fún ọdún mẹ́ta ní Bàrígà. Nígbà tó gba fírídọ̀ọ̀mù, owó àjọ ìyá wa àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ tọ́jú ni a fẹ́ fi ra máṣíìnì fún un. Tuntun olówó pọ́ọ́kú wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ní kó wá èyí tó jẹ́ irin gidi, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó ní, "Iná lè lọ lọ́jọ́ tí oníbàárà ń dúró dè ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní lọ." Owó yẹn kò ní èkejì. Bí máṣíìnì bá kọṣẹ́ láàárín oṣù kan, aṣọ oníbàárà yóò há sí i lọ́wọ́, kò sì ní sí ohun tí yóò fi ra òmíràn.

Tòkunbọ̀ là ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀, orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wá sílé. Ó bá Singer mu. Ọdún 1851 ni Isaac Merritt Singer gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé ńlá kan sí Kilbowie, ní ìlú Clydebank ní Scotland. Lẹ́tà K tí ẹ ń rí nínú 15K tàbí 99K, Kilbowie ló dúró fún. Wọ́n ti ibẹ̀ pa ní 1980, nítorí náà èyíkéyìí tó bá tibẹ̀ wá ti lé ní ogójì ọdún. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ni kí ẹ wò, ẹ má gba ọ̀dà gbọ́. Èèyàn lè kun ọ̀dà tuntun sí ara máṣíìnì yòówù.

Yorùbá ní ìyàwó tí a fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe ní Ṣómólú, méjì ni wọ́n gbé síwájú wa. Ọ̀kan ń dán bíi dígí, ara èkejì ti ṣá. Ọ̀gá àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ nípa ẹwà. Ó rọra yí wíìlì ọwọ́ ọ̀tún sí ara rẹ̀. Ó ní bó bá le bákan náà yíká, òróró àtijọ́ ló dì sínú rẹ̀. Kẹrosíìnì àti òróró tuntun lè tú u. Ṣùgbọ́n bó bá ń há ní ojú kan ṣoṣo nígbàkígbà tó bá yí débẹ̀, nǹkan ti tẹ̀ tàbí ti jẹ nínú. Èyí tó ń dán há lẹ́ẹ̀mẹta, lójú kan náà.

Lẹ́yìn náà ó di ọ̀pá tó gbé abẹ́rẹ́ mú, ó mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ọ̀pá yẹn bá ń mì púpọ̀, ojú rírán yóò máa fò. Ó ní ká gbé orí máṣíìnì ṣí sẹ́yìn, ká wo abẹ́ rẹ̀. Ìpẹtà díẹ̀ kò burú, èyí tó ti jẹ irin wọnú ni kí ẹ sá fún. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀ rí, torí irú irin yẹn, bó bá ti là, jíjó kì í sábà mú un dáadáa. Ẹ fi ìka kan àwọn eyín kéékèèké tó ń fa aṣọ. Tí wọ́n bá ti kúnu, aṣọ kò ní lọ.

Bọ́bìnì àti ilé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Àwọn máṣíìnì àtijọ́ kan wà tí bọ́bìnì wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń wọ inú irin tó rí bí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ń ránṣọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí irin yẹn bá sọnù, ẹ ó rìn kí ẹ tó rí òmíràn. Ti Singer 15 kò ṣòro rí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Japan àti Ṣáínà ló ṣe tiwọn bíi tirẹ̀. Butterfly tí gbogbo wa mọ̀ wà lára wọn.

Ẹ mú aṣọ tiyín lọ. Ègé ańkárá àti ègé jíǹsì la mú lọ, pẹ̀lú òwú aláwọ̀ méjì: pupa lókè, funfun nísàlẹ̀. Bí funfun bá ń yọ sókè, ẹ yí ibi tí wọ́n ti ń fún òwú le tàbí dẹ̀ ẹ́. Bí yíyí rẹ̀ kò bá yí nǹkan kan padà, ọ̀ràn wà níbẹ̀. Àwọn kan kì í rán padà sẹ́yìn. Kò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Kí ẹ ṣáà ti mọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má gbàgbé igi tábìlì rẹ̀, nítorí ikán.

Èyí tí ara rẹ̀ ṣá la rà. Bẹ́líìtì nìkan la pààrọ̀. Aṣọ Iléyá àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá fún àbúrò mi, òru tí kò síná ló rán an parí, tọ́ọ̀ṣì fóònù mi ló fi ríran.

Tí ẹ bá ń lọ ra tiyín, ẹ bẹ télọ̀ àgbà kan kó bá yín lọ, kí ẹ sì wá owó ọkọ̀ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.