Ẹsẹ̀ oníjó ni kí o máa wò

Nígbà ọdún tó kọjá, àwọn kan nínú yín bi mí pé báwo ni mo ṣe di onílù bàtá, nígbà tí wọn ò bí mi sílé Àyàn. Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ilé Ṣàngó ni wọ́n bí mi sí. Àwa kì í lùlù, àwọn onílù ló máa ń wá bá wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí Ọjọ́ Jàkúta bá ti pé báyìí, bàtá á ti máa dún lẹ́nu ọ̀nà wa kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ onílù ti gba Èkó lọ, àwọn mìíràn ń gun ọ̀kadà. Ó wá ku Bàbá onílù wa nìkan, wọ́n sì ti lé ní ọdún 80. Oríkì àwọn Ìyá Ṣàngó ilé wa, láti orí ìyá tó bí bàbá bàbá mi, ọwọ́ wọn nìkan ló kù sí. Kí Ṣàngó bá wa dá wọn sí, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ. Nígbà tí mo pé ẹni ọdún 43, mo gbé obì tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n fi bi Àyàn, obì yàn, wọ́n ní kí n máa wá ní ìrọ̀lẹ́.

Odidi oṣù mẹ́fà ni wọn ò fi fún mi ní ìlù. Bílálà kan ni wọ́n fún mi, tí mo ń nà mọ́ àga onígi títí ọrùn ọwọ́ mi fi rọ̀. Ẹnu ni wọ́n ní kí n máa fi lù ú, kí n máa pè é bí ó ṣe ń dún. Bí a bá wá dé ojú agbo, wọ́n á ní, "Má wo ọwọ́ mi. Ẹsẹ̀ oníjó ni kí o máa wò."

Ẹ jọ̀ọ́, èyí le ju lílù lọ! Nígbà tó pẹ́ ni ojú mi tó là sí i. Ìyá àgbà wa kan wà tí wọ́n máa ń fa èjìká ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n tó ju ẹsẹ̀. Bí èjìká yẹn bá ti rìn, Bàbá á ti yí ìlù padà. Ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé ìlù ló ń darí ijó. Àwọn méjèèjì ló ń darí ara wọn.

Bàtá sì lágídí. Dùndún ní ọsán tí onílù ń fún mọ́ra, tí ohùn á fi lọ sókè, tí á tún wá sílẹ̀ bí ohùn ènìyàn. Bàtá ò ní irú ìyẹn. Ojú méjì ló ní: ojú òjò tó tóbi, tí à ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, àti ṣáṣá tó kéré, tí à ń fi bílálà nà. Àpapọ̀ ohùn ojú méjèèjì ni a fi ń hun ọ̀rọ̀. Abájọ tí wọ́n fi ń sọ pé bàtá ń kólòlò. Ìda dúdú tó wà lójú òjò pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: ìwọ̀n tí à ń lẹ̀ mọ́ ọn, àti ìgbà tí ó yẹ kí á dín in kù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé omele akọ fún mi. Ọdún kan àti ààbọ̀! Ohùn kan náà láìyẹ̀, títí apá á fi kú. (Ìyàwó mi ní òun ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ láti ilé ìdáná.) Ní Kúbà, níbi tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé bàtá dé, mẹ́ta ni wọ́n ń lù pọ̀: iyá, itótele àti okónkolo. Okónkolo tó kéré jù ni ọmọ ẹ̀kọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún náà. Òkun ò gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń ká ìlù sórí fóònù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. N ò bá wọn jà, èmi náà ká ti Bàbá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù á jẹ́ kí o gbọ́ ohun tí wọ́n lù ni, kò ní sọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́ níbì kan. Ibi ìdákẹ́ yẹn gan-an ni mo ń bá kiri.

Ní Jàkúta kan láìpẹ́ yìí, èjìká ń dun Bàbá. Láàárín agbo, wọ́n bọ́ ìyáàlù kúrò lọ́rùn, wọ́n sì fi kọ́ mi lọ́rùn láìsọ nǹkan kan. Ìyá àgbà yẹn jókòó, wọ́n kẹ́yìn sí wa, wọ́n ń jẹ obì. Mo bẹ̀rẹ̀ oríkì wọn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn pé àwọn ni mò ń kì. Wọ́n dáwọ́ obì dúró, wọ́n ní, "Hòo! Mo ń gbọ́ o," wọ́n sì dìde. Mo rí èjìká ọ̀tún tó rìn sẹ́yìn.

Nígbà tí a ṣe tán, Bàbá ṣí ojú. Wọ́n ní, "O ti mọ abala méjì. Ó ku mẹ́rin. Ṣé wàá wá lọ́la?"